Ọpẹ́ àti Ìnira Ọdún: Àgbéyẹ̀wò Ìdúpẹ́ Nígbà Iléyá ní Abobo Gare

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ìjọ́sìn tí ẹ̀sìn Islāmù pa láṣẹ, ọpẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èyí tó rọrùn jù lọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kò ná wọn lówó, kò sì ní àsìkò kan pàtó. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìgbé-ayé àwọn Mùsùlùmí yóò rí i pé àsìkò kan wà tí ọpẹ́ máa ń ṣòro fún wọn jù lọ, àsìkò náà gan-an sì ni èyí tí ẹ̀sìn yà sọ́tọ̀ fún ọpẹ́. Súúrà Al-Hajj, áyà 36, fi yé ni pé Ọlọ́hun tẹ orí àwọn ẹran ba fún ọmọ ènìyàn kí ó lè máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja tó pé, àìsùn, gbèsè àti gbólóhùn asọ̀ láàárín tọkọtaya ti gba ọ̀pọ̀ ilé kan.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, bí iṣẹ́ tí a fi lélẹ̀ fún ọpẹ́ bá ń bí ìráhùn, ṣé ọpẹ́ ni ó ṣì ń jẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ìpinnu baálé ilé lórí owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí àáfà yóò sọ lórí mínbárì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún.

Abobo Gare àti Ọdún Rẹ̀

Abobo wà ní ìhà àríwá ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Nínú ìkànìyàn ọdún 2014 àti ti 2021, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ibùdókọ̀ ojú irin ni ó fún Abobo Gare ní orúkọ. Ojú irin tó ti Abidjan lọ sí àríwá, tí ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, tí ó sì dé Ouagadougou ní 1954, gba ibẹ̀ kọjá. Lónìí, ọkọ̀ gbaka àti takisí ni ó kún ibẹ̀ ju ọkọ̀ ojú irin lọ, ọjà sì yí wọn ká. Láti ọ̀nà àríwá kan náà, láti Mali àti Burkina Faso, ni ọ̀pọ̀ àgbò tí wọ́n ń pa ní Abidjan ti ń wá. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá dí ní àríwá, tàbí bí owó ọkọ̀ bá gbówó lórí, ẹni tó ń ra ẹran ní Abobo ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, ti ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìgboro Èjìgbò mọ́. Ọdún kan náà ni wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò wọn ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu oníkálukú. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní Tabaski. Àwọn Júlà ń pè é ní Seliba, èyí tí ó túmọ̀ sí ìrun ńlá. Yorùbá ń pè é ní Iléyá, ọ̀pọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé ilé yá, àsìkò àtilọ sílé tó. Orúkọ ti Júlà tọ́ka sí ìrun, ti Yorùbá tọ́ka sí ilé. Kò sí èyí tó tọ́ka sí owó nínú méjèèjì.

Owó ni ọ̀rọ̀ náà sì sábà máa ń já sí. Ẹni tó bá fẹ́ ti Abobo lọ sí Èjìgbò fún ọdún yóò la ibodè mẹ́rin kọjá: ti Ghana, ti Togo, ti Benin àti ti Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá lọ yóò fi owó ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Aṣọ ọmọ wà níbẹ̀, owó ìsọ̀ wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀. Bí ọdún òṣùpá ti fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá dín sí ti oòrùn, Iléyá máa ń yípo gbogbo ìgbà inú ọdún. Ní 2015, 2016 àti 2017, oṣù Kẹ́sàn-án ni ó bọ́ sí, nígbà tí owó ilé-ìwé náà ń dúró de àwọn òbí lẹ́nu ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ kan lè mú kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Kí a gbà pé oníṣòwò kan ń ta aṣọ lẹ́bàá ibùdókọ̀ Abobo Gare. Owó àjọ tí ó kó tó owó ìsọ̀ rẹ̀ nìkan, kò ṣẹ́kù. Aládùúgbò rẹ̀ ti so àgbò mọ́ ẹnu ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, àràárọ̀ sì ni àwọn ọmọ oníṣòwò yìí ń lọ wò ó. Wọ́n bi bàbá wọn léèrè pé ọjọ́ wo ni tiwọn yóò dé. Ó lọ yá owó, ó ra àgbò. Ní ọjọ́ ọdún, ó wọ aṣọ tuntun, ó ní Alhamdulillah. Ẹran náà tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbèsè náà kò tán títí oṣù márùn-ún fi kọjá. Ọkùnrin yìí kì í ṣe alábòsí. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rù ẹ̀tẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó dúpẹ́ lé lórí?

Ohun tí Ọpẹ́ Jẹ́

Nínú Ihyā' 'Ulūm al-Dīn, Imāmu al-Ghazālī, tí ó kú ní 505 lẹ́yìn Hijra (1111), to ọpẹ́ sí ipele mẹ́ta: ìmọ̀, ìṣesí ọkàn àti iṣẹ́. Ìmọ̀ ni kí ẹrú mọ oore náà, kí ó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Olóore ni ó ti wá. Ìṣesí ọkàn ni ìdùnnú sí Olóore náà, kì í ṣe sí ohun tí Ó fúnni nìkan. Iṣẹ́ ni kí ó lo oore náà sí ibi tí Olóore fẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí bá Súúrà Saba', áyà 13, mu, níbi tí a ti pa á láṣẹ fún àwọn ará ilé Ànábì Dáúdà pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ ọpẹ́. Àṣẹ náà kò dúró lórí kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu. Áyà yìí kan náà sì fi kún un pé díẹ̀ ni àwọn ẹrú Ọlọ́hun tó ń dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìrònú Yorùbá. Ìmoore ni Yorùbá ń pe ìwà ẹni tó ń dúpẹ́, èyí ni mímọ oore. Mímọ̀ ni ó kọ́kọ́ wá, kí ọ̀rọ̀ ẹnu tó tẹ̀lé e. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Bí ìmọ̀ bá jẹ́ ìpìlẹ̀ ọpẹ́, a jẹ́ pé ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ti rí gbà. Ohun tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni, sùúrù àti àdúà ni ó tọ́ sí i. Súúrà At-Talāq, áyà 7, pa á láṣẹ pé kí ẹni tó ní ná nínú ohun tó ní, kí ẹni tí arísìkí rẹ̀ há sì ná nínú ohun tí Ọlọ́hun fún un, nítorí Ọlọ́hun kò di ẹrù ru ẹ̀mí kan ju ohun tí Ó fún un lọ. Ìnáwó ìyàwó tí a kọ̀ sílẹ̀ ni áyà náà ń sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tó fi lélẹ̀ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n oore tí a rí gbà ni ìwọ̀n ọpẹ́ tí a jẹ.

Níbi yìí ni ìṣòro oníṣòwò Abobo Gare ti hàn kedere. Ọlọ́hun fún un ní ìsọ̀, ó fún un ní ìlera, ó fún un ní àwọn ọmọ tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìwọ̀nyí ni oore tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbò ọdún náà kò tíì sí lára wọn. Nígbà tí ó yá owó rà á, ó gbé oore tí ó ní, èyí ni ìsọ̀ rẹ̀, sínú ewu, kí ó lè fi oore tí kò ní hàn.

Ẹnìkan lè sọ pé owó tí a yá náà oore ni, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń yá lówó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oore kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọpẹ́ tirẹ̀, ọpẹ́ owó tí a yá sì ni kí a san án ní àsìkò. A gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Àíṣà pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè nínú ìrun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ṣàlàyé pé ajigbèsè a máa sọ̀rọ̀ kí ó parọ́, a máa ṣe àdéhùn kí ó yẹ̀ ẹ́. Ìwà ẹni ni gbèsè kọ́kọ́ ń bà jẹ́, kí ó tó ba àpò jẹ́.

Ìdájọ́ Àwọn Onímọ̀

Mọ́síhábù Màlíkì ni ó gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Ar-Risāla ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí ó kú ní 386 lẹ́yìn Hijra (996), sì wà lára àwọn ìwé tí àwọn ọmọ kéú ń kà níbẹ̀. Ìwé náà ka ẹran ọdún sí sunna tí ó lágbára fún ẹni tí ó ní ìkápá. Àwọn onímọ̀ mọ́síhábù náà ṣàlàyé ìkápá yìí pé kí owó ẹran má ṣe jẹ́ owó tí ènìyàn nílò fún àwọn kòṣeémàní rẹ̀ nínú ọdún náà. Àwọn onímọ̀ kan gbà kí ẹni tó mọ ibi tí yóò ti san án yá owó, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di dandan fún un.

Kì í ṣe pé ẹ̀sìn fi ojú kékeré wo ẹran ọdún. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé Ibn Mājah tó kìlọ̀ fún ẹni tó ní ìkápá tí kò pa ẹran pé kí ó má ṣe sún mọ́ yídì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ hàdíìsì ń jiyàn bóyá ọ̀rọ̀ Ànábì ni tàbí ti sàábé. Ahun tó fi àìní bojú kò rí àwáwí kankan nínú àlàyé tó ṣáájú. Ẹni tó ní tí ó sì háwọ́ kò dúpẹ́. Ẹni tí kò ní tó sì fi gbèsè ṣe bí ẹni tó ní náà kò tíì mọ oore tirẹ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá di báyìí? Èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ayé àwọn sàábé. Tirmidhī àti Ibn Mājah gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Abū Ayyūb al-Ansārī. Ó ròyìn pé ní ayé Ànábì, àgùntàn kan ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀, wọn a jẹ, wọn a sì fi tọrẹ, títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe fáàrí láàárín ara wọn. A jẹ́ pé àrùn yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Abobo, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ayé òde òní. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ojú ènìyàn di ohun tí a ń ṣe ọdún fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni Súúrà Al-Hajj, áyà 37, ti fi yé ni pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìpayà Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn ni ó ń dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ànábì Ibrāhīm

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti ẹni tó bá sọ pé ìnira wà nínú ìpìlẹ̀ ọdún náà. Ṣé Ànábì Ibrāhīm kò fi ohun tó dùn ún jù lọ sílẹ̀? Ọdún tí kò bá ni ni lára, kí ni ó fi jọ ti Ibrāhīm?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Súúrà As-Sāffāt, láti áyà 102 dé 107. Ọmọ tí Ibrāhīm fẹ́ fi sílẹ̀, ọmọ tí Ọlọ́hun ti fún un ni. Kò yá ọmọ ọlọ́mọ. Ó bi ọmọ náà léèrè èrò rẹ̀, ọmọ náà sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ìnira, Ọlọ́hun fi ẹran dípò ọmọ. Ìnira Ibrāhīm jẹ́ ti yíyọ̀ǹda ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnira ẹni tó lọ yá owó nítorí ojú ayé yàtọ̀, nítorí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń lé, àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò bi léèrè ni yóò sì bá a san án. Ẹni tó bá fẹ́ fara wé Ibrāhīm ní Abobo Gare lè ní láti yọ̀ǹda iyì tó ní lójú aládùúgbò. Ìyẹn náà ẹbọ ni, kò sì rọrùn.

Wíwo Ẹni tó Wà Nísàlẹ̀

Nínú hàdíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayra, Ànábì gbani níyànjú pé kí ènìyàn máa wo ẹni tó kéré sí i, kí ó má ṣe wo ẹni tó jù ú lọ, kí ó má baà fojú kéré oore Ọlọ́hun. Ìmọ̀ràn yìí wúlò púpọ̀ ní àsìkò ọdún. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì í lóye, nítorí ó lè di pé ìyà ẹlòmíràn ni a fi ń tu ara ẹni nínú.

Ìtàn Abobo fúnra rẹ̀ jẹ́ kí ewu yìí hàn. Iléyá ọdún 2010 bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, láàárín ìpele kìíní ìdìbò ààrẹ tó wáyé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá àti ìpele kejì ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá. Ogun tẹ̀lé ìdìbò náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 2011, wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje níbi ìwọ́de ní Abobo. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ohun ìjà olóró bọ́ sí ọjà ní Abobo, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ogún. Nígbà tí Iléyá dé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọpẹ́ ẹ̀mí wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ọpẹ́ ẹran lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó yè yóò ṣe dúpẹ́ lójú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kò ti ọjà dé?

Ipele kẹta tí al-Ghazālī sọ ni ó yanjú èyí. Ẹni tó bá wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ tí ó dúró lórí ìdùnnú pé òun kọ́, kò tíì parí ọpẹ́ rẹ̀. Ìwò náà gbọ́dọ̀ bí iṣẹ́. Ẹni tó yè, ìyè rẹ̀ di ohun tí yóò fi ṣe ìrànwọ́ fún ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ní àgbò, àgbò rẹ̀ di ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní. Láìsí iṣẹ́ yìí, Alhamdulillah lè di ọ̀rọ̀ tó ń dun ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó Ń Gbà Náà Ń Dúpẹ́

Áyà 36 Súúrà Al-Hajj dárúkọ ẹni méjì tí a gbọ́dọ̀ fún lára ẹran náà: ẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn tí kì í tọrọ, àti ẹni tó ń tọrọ. Ìlànà yìí kò lè ṣeé ṣe bí kò bá sí ẹni tó gbà láti jẹ́ olùgbà. Bí gbogbo ilé tó wà ní agboolé kan bá yá owó kí wọ́n lè wà lára àwọn tó ń fúnni, àwo ẹran ni wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn, tálákà òtítọ́ tó wà lẹ́yìn ògiri kò sì ní rí nǹkan kan. Oníṣòwò tó san owó ìsọ̀ rẹ̀, tó kírun yídì, tó sì fi ọ̀yàyà gba ẹran lọ́wọ́ aládùúgbò, wà ní ipò tí Àlùkùránì fúnra rẹ̀ bu iyì fún.

Ó tún rí ohun mìíràn. A gbà á wá nínú àwọn ìwé hàdíìsì pé Ànábì pa ẹran fún àwọn tí kò rí ẹran pa nínú ìjọ rẹ̀. Ọdún ẹni tí kò ní ti wọ inú ti Ànábì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kẹ́dùn. Èyí ni ohun tí ó yẹ kí bàbá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè àgbò. Wọ́n lè má gbà á lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọn yóò rí kọ́ nínú rẹ̀ yóò pẹ́ lọ́dọ̀ wọn ju ẹran lọ.

Ọpẹ́ sí ènìyàn náà wà lára ọpẹ́ sí Ọlọ́hun. Abū Dāwūd àti Tirmidhī gba hàdíìsì wá tó fi hàn pé ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ní ọjọ́ ọdún, ọkùnrin tó pa ẹran ni gbogbo ènìyàn ń kí. Àwọn obìnrin tó fọ ìfun, tó dáná láti àárọ̀ dé alẹ́, tó pín àwo kiri ilé, kì í sábà gbọ́ ju pé oúnjẹ pẹ́. Ilé tí baálé rẹ̀ kò bá kí ìyàwó rẹ̀ kú iṣẹ́ ní ọjọ́ ọpẹ́, ọpẹ́ ilé náà kò tíì gún.

Ojúṣe Àwọn Àáfà

Al-Bayhaqī gba ọ̀rọ̀ wá pé Abū Bakr àti Umar máa ń fi ẹran ọdún sílẹ̀ láìpa nígbà mìíràn, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé dandan ni. Àwọn tí ojú gbogbo ayé ń wò ni wọ́n, wọ́n sì lo ipò wọn láti gbé ẹrù kúrò lórí tálákà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ayé òde òní pẹ̀lú. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ọba Mohammed VI ti ilẹ̀ Mọ́rókò rọ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má pa ẹran ní ọdún náà, nítorí pé ẹran ọ̀sìn ti dínkù, nǹkan sì le. Bàbá rẹ̀, Ọba Hassan II, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1996. Ìlú tó ń tẹ̀lé Màlíkì ni Mọ́rókò, ọdún kò sì bàjẹ́ nítorí náà.

Kò pọn dandan kí àáfà Abobo Gare tàbí ti Èjìgbò dúró de ọba. Wáàsí tó ṣáájú ọdún lè sọ ìtumọ̀ ìkápá gbangba, dípò kí ó dá lórí àbùdá àgbò nìkan. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ àjọ Iléyá láti oṣù tó tẹ̀lé ọdún, kí owó ẹran jẹ́ owó tó wà nílẹ̀. Olówó lè so àgbò rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ọmọ aládùúgbò má baà máa fi í ṣe ìwòran. Àáfà tí kò bá rí ẹran pa ní ọdún kan lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, kí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sì rí i pé iyì rẹ̀ kò dínkù.

Ìkádìí

Ìnira ọdún kò sọ ọpẹ́ di asán. Ohun tó ń sọ ọ́ di asán ni kí ènìyàn máa dúpẹ́ ohun tí a kò fún un, kí ó sì gbàgbé èyí tí a fún un. Ẹni tó bá ka oore ọwọ́ rẹ̀, tó dunnú sí Ẹni tó fún un, tó sì lò ó bí ó ti yẹ, ti ṣe ọdún, ì báà jẹ́ pé àgbò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tàbí pé àwo aládùúgbò ni ó ti jẹ ẹran. Súúrà Luqmān, áyà 12, ti fi hàn pé ẹni tó bá dúpẹ́, ara rẹ̀ ni ó dúpẹ́ fún, Ọlọ́hun kò sì ní bùkátà sí i. Kí Ọlọ́hun fi àwọn Mùsùlùmí sára àwọn díẹ̀ tó ń dúpẹ́, kí Ó sì bá onígbèsè san gbèsè rẹ̀. Àmín.